Ta Ni Yóò San Owó Ọkọ̀ Alábàárìn? Ìtàn Ìrìn-àjò Iṣẹ́ Àwọn Akanda Ẹ̀dá Tó Jẹ́ Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà rán òṣìṣẹ́ méjì láti Washington lọ sí Denver fún ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Owó bàálù, owó hòtẹ́ẹ̀lì, owó oúnjẹ, ó parí. Àga onítáyà ni ẹnì kejì fi ń rìn, kò lè dá dìde lórí ibùsùn, kò sì lè dá aṣọ wọ̀. Kí ó tó lè dé ìpàdé yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a lọ. Owó bàálù di méjì, owó oúnjẹ di méjì. Takisí lásán kò lè gbé àga rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì tí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ rẹ̀ fún kò wúlò fún un. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì lọ ṣe, ìjọba kan náà ló sì rán wọn. Ta ni yóò san ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó méjèèjì?

Ẹni tó bá gbọ́ ìbéèrè yìí lè sọ pé ọ̀rọ̀ akọ̀wé owó ni, kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn? Ṣùgbọ́n nígbà tí a tọ ìdí rẹ̀, a rí i pé ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ òfin tó jẹ́ òótọ́ yàtọ̀ sí òfin ẹnu lásán. Ó rọrùn fún ìjọba láti kéde pé òun kò ní ṣe ojúsàájú sí akanda ẹ̀dá. Ìgbà tí rìsíìtì bá dé orí tábìlì ni a ó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà dé inú. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí: ẹni tí a fún níṣẹ́ tí a kò fún ní ohun tí yóò fi ṣe é, a kò tíì fún un níṣẹ́. Amẹ́ríkà ni a ti mú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè tọ ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún dé ọdún nínú ìwé òfin fúnra rẹ̀.

Owó ìjọba àti "ọ̀rọ̀ ara ẹni"

Láti ọdún 1883 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Pendleton Act ti sọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà di ohun tí à ń fi ìdánwò àti ìmọ̀ gbà, dípò kí ó jẹ́ ẹ̀bùn fún àwọn tó bá olóṣèlú ṣe kámpéènì. Ìgbésẹ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò.

Ní ti owó ìrìn-àjò, ìlànà tiẹ̀ le. Ní ọdún 1921, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin dá ọ́fíìsì ayẹ̀wé-owó-wò sílẹ̀, wọ́n ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní Comptroller General. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé kọ́bọ̀ ìjọba kò jáde láìsí àṣẹ òfin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin owó oúnjẹ àti ibùsùn ti ọdún 1926 dé, òfin owó ìrìn-àjò ti ọdún 1949 sì tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn dúró lórí ìpìlẹ̀ kan náà: ìjọba yóò san ohun tí iṣẹ́ fà, kò ní san ohun tí ó jẹ́ ti ara ẹni. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ náwó ìjọba bí ọlọ́gbọ́n èèyàn ṣe ń ná ti ara rẹ̀.

Ìlànà yẹn kò burú. Àwa tí a mọ bí owó ìrìn-àjò ìjọba ṣe máa ń pòórá nílé wa gbọ́dọ̀ gbà pé ó ní ìdí. Bí aya òṣìṣẹ́ bá fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ wo ìlú, kí wọn fi owó ara wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà wá dojú rú nígbà tó kan ẹni tí aya rẹ̀ ń gbé e sórí àga láràárọ̀. Níwájú akọ̀wé owó, aya méjèèjì jọ ara wọn. Ìrànlọ́wọ́ tí akanda ẹ̀dá nílò wá bọ́ sí abẹ́ "ọ̀rọ̀ ara ẹni", bí ẹni pé ẹnì kan mọ̀-ọ́n-mọ̀ gbé ara rẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́ láti fi dá ìjọba lówó.

Ààrẹ tó ń lo àga onítáyà

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìjọba yẹn kan náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìrìn-àjò fún akanda ẹ̀dá. Ó ti ṣe é fún ọdún 12 gbáko. Franklin Delano Roosevelt, tó jẹ Ààrẹ láti ọdún 1933 títí ó fi kú ní ọdún 1945, kò lè dá rìn mọ́ láti ìgbà tí àìsàn kan tí àwọn dókítà pè ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti kọlù ú ní ọdún 1921. Irin ni wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó lè dúró, àga onítáyà ló sì ń lò nínú ilé.

Ẹ wo bí ó ṣe ń rìnrìn-àjò. Ní ọdún 1942, wọ́n tún kọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n ń pè ní Ferdinand Magellan ṣe fún un. Wọ́n máa ń kan pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ibi tó bá fẹ́ dé kí ó má bàa kojú àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n kọ́ bàálù Ààrẹ tí àwọn èèyàn sọ ní Sacred Cow, wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sínú rẹ̀ kí ó lè gbé òun àti àga rẹ̀ wọlé láti ilẹ̀. Bàálù yẹn ló gbé e nígbà tó ń lọ sí ìpàdé Yalta ní oṣù kejì ọdún 1945. Àwọn alábàárìn tó ń wọ aṣọ fún un àti àwọn tó ń gbé e wà pẹ̀lú rẹ̀ níbikíbi tó bá lọ.

Kò sí ẹni tó béèrè pé ṣé "ọ̀rọ̀ ara ẹni" ni ẹ̀rọ agbéniròkè inú bàálù. Iṣẹ́ Ààrẹ ni, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ di ṣíṣe. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kékeré tó ní irú ẹsẹ̀ kan náà kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ìjọba kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe láyé ìgbà yẹn, ẹ má gbà. Ìjọba mọ̀ ọ́n. Ẹni tí yóò ṣe é fún ni kò tíì gbòòrò.

Wá gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n wá olùrànlọ́wọ́ fúnra rẹ

Ogun Àgbáyé Kejì dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun padà sílé láìní apá tàbí ẹsẹ̀. Ìtìjú ni fún orílẹ̀-èdè láti sọ fún irú wọn pé kò sí iṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1948, òfin kan jáde tó ní kí wọ́n má ṣe fi àléébù ara yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, bí ó bá ṣáà ti lè ṣe iṣẹ́ náà láìfi ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn wéwu.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ta ni yóò wá ka fáìlì fún òṣìṣẹ́ tí kò ríran? Ó di ọdún 1962 kí òfin tó fèsì, èsì náà sì kọ wá ní ọgbọ́n. Òfin gba ọ́fíìsì ìjọba láyè láti jẹ́ kí ẹni tí yóò máa ka ìwé fún afọ́jú wọlé síṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n láìgba owó lọ́wọ́ ìjọba. Afọ́jú náà ni yóò san án nínú owó oṣù rẹ̀, tàbí kí ẹgbẹ́ aláàánú kan bá a san án.

Ẹ rò ó wò. Òṣìṣẹ́ méjì wà ní ìpele kan náà, owó oṣù kan náà ni ìwé sọ pé wọ́n ń gbà. Ọ̀kan ń mú tiẹ̀ lọ sílé pé, èkejì ń yọ nínú tiẹ̀ láti fi ra ojú tí yóò fi ka ìwé ìjọba. Bí ìrìn-àjò bá wá dé, ìnáwó náà á tún lé sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń fi ara hàn fún ìgbéga ni ìpàdé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àyẹ̀wò ẹ̀ka iṣẹ́ tó wà ní ìlú mìíràn. Ẹni tí kò bá lè lọ, yóò jókòó sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, wọn á sì sọ pé òun ni kò fẹ́ tẹ̀síwájú.

Ilé tí kò ṣeé wọ̀, bàálù tí ó ń léni sílẹ̀

Àwọn tó yí ọ̀rọ̀ yìí padà, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akanda ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba fúnra wọn. Hugh Gregory Gallagher jẹ́ ọ̀kan. Ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Sẹ́nétọ̀ Bartlett ti Alaska, àga onítáyà ló sì ń lò nítorí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Nínú ìlú Washington tó ti ń ṣiṣẹ́, àtẹ̀gùn kò jẹ́ kí ó wọ púpọ̀ nínú ilé ìjọba tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó bí òfin ọdún 1968 tí wọ́n ń pè ní Architectural Barriers Act: ilé tí a bá fi owó ìjọba àpapọ̀ kọ́ gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀ fún akanda ẹ̀dá. Gallagher yìí náà ló wá kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe fi àìlera Roosevelt pamọ́ fún aráyé.

Lẹ́yìn náà ni Rehabilitation Act ti ọdún 1973 dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ààrẹ Richard Nixon kọ̀ láti buwọ́ lu irú òfin yìí, ó ní owó rẹ̀ pọ̀ jù, kí ó tó wá buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Abala 501 rẹ̀ ni ó kan òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gan-an: ó pàṣẹ pé kí gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ní ètò tí wọn yóò fi gba akanda ẹ̀dá síṣẹ́, tí wọn yóò fi gbé wọn ga. Abala 504 ló lókìkí jù, òun ló ní kí ẹnikẹ́ni tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ má ṣe ojúsàájú.

Ṣùgbọ́n ìwé lọ́tọ̀, ìrìn-àjò lọ́tọ̀. Ní ọdún 1975, Judith Heumann wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé aṣòfin àgbà ní Washington. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti pe ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ New York lẹ́jọ́ ní ọdún 1970 nígbà tí wọ́n ní ẹni tó ń lo àga onítáyà kò lè kọ́ ọmọ. Ó wọ bàálù, wọ́n ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ nítorí pé kò ní alábàárìn. Ó kọ̀, wọ́n sì mú un.

Ẹ so ìyẹn mọ́ ohun tí a ti sọ bọ̀. Ilé iṣẹ́ bàálù sọ fún akanda ẹ̀dá pé kò lè fò láìsí alábàárìn. Akọ̀wé owó ìjọba sọ fún un pé owó alábàárìn kì í ṣe owó iṣẹ́. Àwọn méjèèjì kò jọ pàdé rí, ṣùgbọ́n láàárín wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa.

Ní ọdún 1977, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òfin, ìlànà tí wọn yóò fi mú Abala 504 ṣẹ kò tíì jáde. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, àwọn akanda ẹ̀dá lé ní 100 wọ ilé ìjọba àpapọ̀ kan ní San Francisco, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn kò jáde. Nǹkan bí ọjọ́ 25 ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé tẹlifóònù, àwọn adití dúró ní fèrèsé, wọ́n ń fi èdè ọwọ́ bá àwọn tó wà níta sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Black Panther ń gbé oúnjẹ gbígbóná wá fún wọn. Wọ́n yan àwọn kan, Heumann wà lára wọn, láti lọ bá ìjọba ní Washington, ó sì di pé kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan wá ọkọ̀ ẹrù láti gbé wọn kiri ìlú pẹ̀lú àga wọn, nítorí kò sí ọkọ̀ èrò tó lè gbà wọ́n. Nínú òkùnkùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń lọ béèrè ẹ̀tọ́ láti rìn bí ọmọ èèyàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, Mínísítà Joseph Califano buwọ́ lu ìlànà náà.

Ọdún 1980: owó dé

Ìjà San Francisco ni gbogbo ayé mọ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e nínú ọ́fíìsì kò ní ariwo, òun ni kì í sì í jẹ́ kí ìwé ìtàn dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1978, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tún Abala 504 ṣe kí ó lè mú àwọn ọ́fíìsì ìjọba fúnra wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, òfin àtúnṣe iṣẹ́ ìjọba jẹ́ kí ọ́fíìsì lè fi owó ìjọba gba olùrànlọ́wọ́ fún òṣìṣẹ́ tó jẹ́ akanda ẹ̀dá. Ẹ rántí ọdún 1962: ọdún 16 ni ó gbà kí owó òǹkàwé afọ́jú tó kúrò nínú àpò afọ́jú.

Ó ku ìrìn-àjò. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1980, nígbà tí ìjọba Jimmy Carter ń palẹ̀ mọ́, òfin kékeré kan jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 96-523. Ó gba ọ́fíìsì láyè láti pèsè ìrànlọ́wọ́ tó yẹ fún òṣìṣẹ́ tó jẹ́ akanda ẹ̀dá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti nígbà tó bá wà lẹ́nu ìrìn-àjò iṣẹ́. Kò sí ẹni tó jókòó sílẹ̀ nítorí òfin yìí, kò sí fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìtàn. Síbẹ̀, lójú tiwa, ó tó ohun tí à ń ṣayẹyẹ fún. Ọjọ́ yẹn ni òfin jẹ́wọ́ pé alábàárìn kì í ṣe àlejò tó tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ lọ jẹun. Ara irinṣẹ́ iṣẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ inú bàálù Roosevelt ṣe jẹ́.

Owó wà lọ́wọ́, ọ̀nà kò sí

Kí ìjọba san owó ìwé bàálù jẹ́ nǹkan kan, kí bàálù gbà ọ́ jẹ́ nǹkan mìíràn. Ní ọdún 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Paralyzed Veterans of America wà nínú rẹ̀ pé Abala 504 kò mú àwọn ilé iṣẹ́ bàálù lásán, nítorí pé àwọn pápákọ̀ ló ń gba owó ìjọba, kì í ṣe ilé iṣẹ́ bàálù. Kí ọdún tó parí, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fèsì pẹ̀lú òfin Air Carrier Access Act, tó ka ojúsàájú sí akanda ẹ̀dá léèwọ̀ nínú bàálù.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1990, Ààrẹ George H. W. Bush buwọ́ lu Americans with Disabilities Act. Àwọn kan rò pé òfin yìí ló mú òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀: Abala 501 ti ọdún 1973 ló ṣì ń dáàbò bò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí òfin 1990 ṣe fún arìnrìn-àjò ìjọba ni pé ó mú hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ọkọ̀ èrò. Òṣìṣẹ́ tó dé Denver wá lè béèrè yàrá tí àga rẹ̀ lè wọ balùwẹ̀ rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun.

Ohun méje nínú ìwé kan

Ọ́fíìsì tó ń ṣètò owó ìrìn-àjò òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni General Services Administration, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ní ọdún 1998, ọ́fíìsì yìí tún ìwé ìlànà rẹ̀ kọ. Wọ́n fi èdè òfin tó takókó sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní ìbéèrè àti ìdáhùn, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń béèrè. Apá 301-13 dá lé òṣìṣẹ́ tó ní àìní pàtàkì lẹ́nu ìrìn-àjò. Ó kúrú, kò kún ojú ewé méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn tí a ti ń bá bọ̀ yóò rí i pé gbogbo ìlà rẹ̀ ló ní ojú ogbẹ́.

Ohun méje ni wọ́n ní ìjọba lè san. Àkọ́kọ́ ni owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ òun ibùsùn mọ̀lẹ́bí tàbí alábàárìn mìíràn tí ìrìn-àjò kò lè ṣeé ṣe láìsí i. Èkejì ni ọkọ̀ àkànṣe lọ sí ibi iṣẹ́ náà, bọ̀ láti ibẹ̀, tàbí láàárín ìlú ọ̀hún. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ àkànṣe tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bá ṣe fún un. Ẹ̀kẹrin ni owó ẹni tó bá a gbé ẹrù, bí ó bá jẹ́ pé ìpèníjà rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó lè dá gbé e. Ìkarùn-ún ni owó àti yá àga onítáyà tàbí láti gbé tiẹ̀ dání. Ẹ̀kẹfà ni ìjókòó tó ga ju ti gbogbo èrò lọ nínú bàálù, bí ara rẹ̀ bá nílò rẹ̀. Èkeje ni owó iṣẹ́ alábàárìn fúnra rẹ̀.

Ẹ wo àkọ́kọ́ àti èkeje dáadáa. Ọ̀kan ń san owó ọkọ̀ alábàárìn, èkejì ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò sì lé mọ̀lẹ́bí dànù. Aya tí akọ̀wé owó kò mọ̀ yàtọ̀ sí olùwòran lọ́jọ́sí ti wá ní orúkọ nínú ìwé.

Àmọ́ a kò ní fi ìyìn bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ìlànà náà ní kí àìní òṣìṣẹ́ hàn sójú kedere, tàbí kí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ kọ ìwé sí i. Ẹni tó ń lo àga onítáyà kò ní wàhálà púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora ẹ̀yìn kò hàn sójú, wárápá kò hàn sójú, àìsàn ọkàn kò hàn sójú. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni yóò máa to ìwé dókítà lórí ara wọn, tí wọn yóò máa ṣàlàyé ara wọn fún ọ̀gá tí ó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí. Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni pé ọ̀gá ni yóò fọwọ́ sí i. Ìlànà ní ìjọba lè san. Ọ̀rọ̀ kékeré ni "lè", ó sì tó ohun tó ń fa ẹni sẹ́yìn bí ọ̀gá kò bá fẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni dídá owó padà túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ ná an. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kéré lè ní ẹ̀tọ́ sí ìwé bàálù méjì, kí ó má sì ní owó tí yóò kọ́kọ́ fi ra ẹyọ kan.

Láti "lè" dé "gbọ́dọ̀"

Lẹ́yìn ọdún 1998, ohun tí ìjà náà dá lé ni bí wọn yóò ṣe sọ àánú ọ̀gá di ojúṣe. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2000, Ààrẹ Bill Clinton pàṣẹ pé kí gbogbo ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kọ ìlànà sílẹ̀ lórí bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe béèrè ìrànlọ́wọ́ àti bí wọn yóò ṣe dá a lóhùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àjọ tó ń rí sí ìdọ́gba níbi iṣẹ́, EEOC, gbé ìlànà tuntun jáde lábẹ́ Abala 501. Ó fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe àfojúsùn fún àwọn akanda ẹ̀dá nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àti ìdá 2 fún àwọn tí ìpèníjà wọn le jù.

Ìlànà yẹn tún ní ohun kan tó yẹ kí a tẹnu mọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn ọ́fíìsì ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè ẹni tí yóò ran òṣìṣẹ́ tí ìpèníjà rẹ̀ le lọ́wọ́ láti jẹun, láti wọ aṣọ àti láti lo ilé ìgbẹ́, ní àkókò iṣẹ́ àti nígbà ìrìn-àjò iṣẹ́, àyàfi bí yóò bá jẹ́ ìnira tó kọjá agbára ọ́fíìsì náà. Jíjẹun, wíwọ aṣọ, lílo ilé ìgbẹ́: kò sí ohun tó jẹ́ "ọ̀rọ̀ ara ẹni" ju ìwọ̀nyí lọ láyé. Àwọn gan-an ni òfin wá gbà pé iṣẹ́ kò lè lọ láìsí wọn. Láti ọdún 1926 dé 2018, ìdí ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n yí ààlà tó wà láàárín iṣẹ́ àti ara padà.

Heumann rí púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó kú ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹni tí wọ́n lé sílẹ̀ nínú bàálù ní ọdún 1975 padà di igbákejì mínísítà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ láti ọdún 1993 sí 2001. Ó sì di olùdámọ̀ràn àkànṣe lórí ẹ̀tọ́ akanda ẹ̀dá kárí ayé ní ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti ọdún 2010 sí 2017, iṣẹ́ tí èèyàn kò lè jókòó sí Washington ṣe.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀?

Púpọ̀ nínú àwa tó ń ka èyí yóò ṣiṣẹ́ ìjọba, àwọn kan nínú àwọn tó ti jáde sì ti wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tiẹ̀ fún àwọn akanda ẹ̀dá láti ọdún 2011, ọ́fíìsì LASODA ló sì ń mójú tó o. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ojúsàájú sí akanda ẹ̀dá léèwọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn, kí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù sì pèsè àga onítáyà tó dára, kí wọ́n ran akanda ẹ̀dá lọ́wọ́ láti wọlé àti láti sọ̀ kalẹ̀.

Bí a bá fi ìtàn Amẹ́ríkà wo tiwa, ìdá 5 yẹn dà bí ọdún 1948: ilẹ̀kùn ṣí. Ìbéèrè tó kù ni ti 1962 àti ti 1980. Nígbà tí Àbújá bá pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn sì fẹ́ fi orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí kò ríran ránṣẹ́, kí ni yóò wà nínú fọ́ọ̀mù alawánsì ìrìn-àjò? Ṣé àyè wà níbẹ̀ fún ẹnì kejì? Ṣé a ó sanwó ṣáájú, tàbí a ó ní kí ó lọ yá owó kí a tó dá a padà? Tàbí a ó rọra fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tiẹ̀, kí a sì sọ pé àánú rẹ̀ ló ṣe wá?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. A fẹ́ fi kún un pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ ló yẹ kó mọ bí ẹsẹ̀ wa yóò ṣe dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù yẹn bá dé orí tábìlì ẹnikẹ́ni nínú wa, tí a rí orúkọ méjì lórí ìrìn-àjò ẹnì kan, kí a má ṣe yára fa ìlà pupa sí èkejì. Ó gba Amẹ́ríkà ní ọdún 97, láti 1883 sí 1980, kí òfin rẹ̀ tó gbà pé iṣẹ́ ni orúkọ kejì yẹn wá ṣe. Kò yẹ kí ó gba àwa ní ìdajì rẹ̀.